Dabinett: Igi Ápù Tí Ẹnikẹ́ni Kò Gbìn

Bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà «ápù», èso pupa roboto tó ń dán lórí àtẹ ni ọkàn rẹ̀ máa ń lọ sí, èyí tí à ń fi aṣọ nù kí á tó gé e jẹ. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pàápàá jù lọ ní apá gúúsù ìwọ̀ oòrùn rẹ̀, ápù mìíràn wà tí kì í dé orí àtẹ rárá. Ẹni tó bá gé e jẹ, adùn ni yóò kọ́kọ́ bà á lẹ́nu; kí ó tó gbé e mì, ìkorò á ti gba ahọ́n rẹ̀ kan, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ á sì gbẹ bí ẹni tó jẹ obì tí kò gbó. Àwọn àgbà wa ní adùn ní ń gbẹ̀yìn ewúro. Ti èso yìí yàtọ̀: ìkorò ní ń gbẹ̀yìn adùn. Ọmọdé tó bá jí i ká yóò tu ú sílẹ̀, kò sì ní padà síbẹ̀ mọ́. Síbẹ̀síbẹ̀, nítorí irú èso bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ṣe ń dá oko ńláńlá, torí pé inú rẹ̀ ni ọtí tí wọ́n ń pè ní sáídà ti ń jáde. Ọ̀kan nínú wọn ni mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún yín lónìí. Dabinett ni orúkọ rẹ̀.

Abúlé kékeré kan wà ní ẹkùn Somerset tí wọ́n ń pè ní Middle Lambrook, kò jìnnà sí Kingsbury Episcopi àti South Petherton. Ní àdúgbò bẹ́ẹ̀, kì í ṣe wáyà ni àwọn àgbẹ̀ fi ń ya oko sọ́tọ̀ láyé àtijọ́. Igi ẹlẹ́gùn-ún ni wọ́n ń gbìn ṣù mọ́ra wọn láti fi ṣe ọgbà láàárín oko kan àti èkejì. Inú irú ọgbà bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ William Dabinett ti rí igi ápù kan, ní nǹkan bí ìgbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ń kógbá sílé tí ogún ń wọlé. Kò sí ẹni tó gbìn ín. Bóyá ẹyẹ ló já kóró rẹ̀ sílẹ̀, bóyá alágbàṣe kan ló jẹ èso tó sọ ìdí rẹ̀ sínú igbó, bóyá pàǹtí tí wọ́n kó kúrò ní ìfúntí ni wọ́n dà síbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò lè búra. Àwọn ará Somerset ní orúkọ àdúgbò tí wọ́n ń pe irú igi bẹ́ẹ̀: gribble ni wọ́n ń pè é. Nínú èdè tiwa, a ó kàn ní ó lalẹ̀ hù.

Ohun tí ọkùnrin náà ṣe kò pọ̀, ṣùgbọ́n òun ni gbogbo ìtàn yìí dá lé. Kò gé igi náà sọnù. Irú igi tó lalẹ̀ hù bẹ́ẹ̀ pọ̀ lọ súà nínú àwọn ọgbà ẹlẹ́gùn-ún, àdá ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń bá lọ. Dabinett mọ̀ pé èyí yàtọ̀, ẹ̀ka rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti oko kan sí òmíràn, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó rí i.

Kí ọ̀rọ̀ ẹ̀ka yìí tó lè yé wa, ó yẹ kí á mọ ìwà igi ápù. Ápù kì í bí ọmọ tó jọ ọ́. Bí ẹ bá yọ kóró márùn-ún nínú ápù dídùn kan tí ẹ sì gbìn wọ́n, igi márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni yóò hù, ó sì ṣeé ṣe kí gbogbo wọn so èso wẹ́wẹ́ kíkan tí ẹlẹ́dẹ̀ nìkan lè jẹ. Ohun tó fà á ni pé lẹ́búlẹ́bú òdòdó tí oyin gbé wá láti ara igi mìíràn ló sábà máa ń jẹ́ kí ápù so, nítorí náà kóró kọ̀ọ̀kan ní ìdàpọ̀ tirẹ̀. Láti orí àwọn òkè Tian Shan, ní agbègbè Kazakhstan òde òní, níbi tí ápù ti ṣẹ̀, ni ó ti ní ìwà yìí. Ẹni tó bá fẹ́ kí èso kan náà máa wà lọ, ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà: kí ó gé ọ̀mùnú ẹ̀ka lára igi náà, kí ó sì lọ́ ọ sára gbòǹgbò igi mìíràn kí àwọn méjèèjì lè so pọ̀ di ọ̀kan. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá ti bá wa rí ọ̀rọ̀ fún iṣẹ́ yìí nínú ìwé Róòmù, níbi tí a ti sọ̀rọ̀ igi ólífì: «lọ́» ni wọ́n lò. Ọ̀rọ̀ náà dára, ó sì ṣe mí láàánú pé a kì í lò ó mọ́ bí kò ṣe nínú ilé ìsìn.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé kò sí Dabinett kankan láyé yìí tó jẹ́ ọmọ Dabinett. Gbogbo wọn, ní Somerset, ní Herefordshire, ní ìpínlẹ̀ Washington àti New York ní Amẹ́ríkà níbi tí wọ́n ti ń gbìn ín báyìí, ara igi kan ṣoṣo inú ọgbà ẹlẹ́gùn-ún yẹn ni wọ́n. Igi kan ni, ó kàn ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún gbòǹgbò tí kì í ṣe tirẹ̀ ni. Ọwọ́ èèyàn ló sì ń gbé e láti ìran dé ìran. Bí àwọn tó ń lọ́ ọ bá ṣíwọ́, yóò kú.

Ọ̀rọ̀ ikú igi yìí ti da àwọn Gẹ̀ẹ́sì láàmú gan-an ṣáájú kí wọ́n tó rí Dabinett rárá. Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, ápù tó lókìkí jù lọ fún sáídà ni Redstreak ti Herefordshire, tí wọ́n máa ń so mọ́ orúkọ Olúwa Scudamore ti Holme Lacy, ẹni tó ṣe aṣojú ọba Gẹ̀ẹ́sì ní ilẹ̀ Faransé láàárín 1635 sí 1639. Nígbà yẹn, sáídà kì í ṣe ọtí mẹ̀kúnnù nìkan. John Beale kọ ìwé kan ní 1657 láti fi àwọn ọgbà eléso Herefordshire ṣe àwòkọ́ṣe fún gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí John Evelyn tẹ ìwé rẹ̀ lórí igi jáde ní 1664, ó fi apá kan tó dá lórí ápù àti sáídà tì í lẹ́yìn. Ogun àti ìjà pẹ̀lú àwọn ará Yúróòpù máa ń sọ wáìnì di ọ̀wọ́n, àwọn ọlọ́lá sì ń wá ọtí ilẹ̀ wọn tí wọ́n lè gbé ka iwájú àlejò. Redstreak ni wọ́n gbé ka iwájú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rúndún kejìdínlógún fi ń lọ sópin, Redstreak ti ń gbó. Ara rẹ̀ ń ṣe egbò, èso rẹ̀ ń dín kù. Thomas Andrew Knight, ọmọ Herefordshire tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́kọ́ mọ̀ọ́mọ̀ fi òdòdó igi kan ṣe akọ fún òmíràn láti wá èso tuntun, wo ọ̀rọ̀ náà títí, ó sì kọ ìwé jáde ní 1797. Èrò rẹ̀ ni pé igi tí a lọ́ kì í ṣe igi tuntun: ọjọ́ orí kan náà ni òun àti ìyá rẹ̀ jọ ní, bí ìyá bá sì ti dàgbà tó yẹ kó kú, gbogbo ẹ̀ka rẹ̀ níbikíbi tí wọ́n bá wà ni yóò bá a lọ. Ẹ wo bí èrò náà ti bani lẹ́rù tó, tó sì tún bọ́gbọ́n mu létí. Bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òótọ́. Àrùn tó ń ti ara ẹ̀ka kan kọjá sí òmíràn, ilẹ̀ tó ti rẹ̀, àti àìtọ́jú ló sábà máa ń pa irú àwọn igi bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ka tó mọ́ lára tí wọ́n lọ́ sára gbòǹgbò tó dára lè máa wà láìní òpin. Síbẹ̀ èrò tí kò tọ̀nà lè so èso rere. Nítorí Knight, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá ápù tuntun lójú méjèèjì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán àwọn tó wà kí wọ́n tó parun. Òun fúnra rẹ̀ tẹ ìwé alákọsílẹ̀ èso Herefordshire jáde ní 1811. Láàárín 1876 sí 1885, ẹgbẹ́ Woolhope, tí wọ́n ń wádìí ohun abẹ̀mí àti ìtàn ní àgbègbè Hereford, tẹ ìwé alárà mìíràn tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ jáde, Robert Hogg àti Henry Graves Bull ló sì ṣe kòkáárí rẹ̀. Àwọn ará ẹgbẹ́ yìí kan náà rìnrìn àjò lọ sí Rouen ní ilẹ̀ Faransé ní 1884, wọ́n sì mú ẹ̀ka àwọn ápù tó dùn tó sì korò bọ̀ láti Normandy, torí wọ́n gbà pé ẹ̀jẹ̀ tuntun ni àwọn ọgbà wọn ń fẹ́. Michelin wà lára àwọn tó tipa bẹ́ẹ̀ dé.

Nítorí náà, nígbà tí igi kan dúró láìsọ̀rọ̀ nínú ọgbà ẹlẹ́gùn-ún ní Middle Lambrook, àwọn ọ̀mọ̀wé ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ wá ohun tó jọ ọ́ ní òkè òkun.

Ẹ jẹ́ kí á padà sórí adùn àti ìkorò, nítorí ibẹ̀ ni iyì Dabinett wà. Láti 1893, Robert Neville-Grenville, onílẹ̀ kan ní Butleigh ní Somerset, ti ń dán oríṣiríṣi ọ̀nà ìṣesáídà wò lórí ilẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ onímọ̀ kẹ́místrì kan, F. J. Lloyd. Iṣẹ́ yìí ló bí ilé ìwádìí èso àti sáídà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1903 ní Long Ashton, nítòsí Bristol. Ibẹ̀ ni B. T. P. Barker ti pín àwọn ápù sáídà sí ọ̀nà mẹ́rin, ohun méjì ló sì fi pín wọn: ásíìdì, tó ń mú kí nǹkan kan, àti tánínì, tó ń mú kí ó korò tí ó sì ń gbẹ ẹnu. Èyí tí ásíìdì rẹ̀ kò tó 0.45%, tí tánínì rẹ̀ kò sì tó 0.2%, ó jẹ́ adùn lásán. Bí ásíìdì bá lé tí tánínì kò lé, kíkan ni. Bí àwọn méjèèjì bá lé, akorò-kan ni. Bí tánínì nìkan bá lé, akorò-dùn ni, ọ̀wọ́ yìí sì ni Dabinett wà. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi hun àwọn orúkọ wọ̀nyí. Ẹni tó bá ní èyí tó dára jù, kí ó má fi dù wá.

Ìwọ̀n tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún Dabinett ni ásíìdì 0.18% àti tánínì 0.29%. Nọ́ńbà lásán ni wọ́n jọ, àmọ́ ẹ fọkàn bá mi lọ. Tánínì ni ó ń fún sáídà ní ara, tí kì í fi í dà bí omi ṣúgà. Òun ló ń fún un ní àwọ̀ bíi ti oyin, nítorí oje ápù onítánínì máa ń ṣú ní kété tí afẹ́fẹ́ bá kàn án. Ìkorò Dabinett sì tún rọ̀, kì í gé ahọ́n bíi ti Tremlett's Bitter, tí ìkorò wà nínú orúkọ rẹ̀ gan-an. Àìpọ̀ ásíìdì rẹ̀ nìkan ni àléébù rẹ̀: oje tí kò kan tó ń tètè bàjẹ́, kòkòrò àìrí a máa tètè rí àyè wọ inú rẹ̀. Nítorí náà ni àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ṣe máa ń da oje ápù kíkan pọ̀ mọ́ ọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Dabinett wà lára ìwọ̀nba ápù tí òun nìkan tó ṣe sáídà pípé.

Oṣù kọkànlá ọdún ni ó ń gbó, nígbà tí ewé ti ń re tí òtútù sì ti mú. Wọ́n á kó o jọ kí ó rọ̀ díẹ̀, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á fún un. Láyé àtijọ́ ẹṣin ló ń yí ọlọ òkúta, inú koríko gbígbẹ ni wọ́n sì ń dì í sí, ìpele lórí ìpele, kí wọ́n tó gbé igi ìfúntí lé e lórí. Ní Devon, àwọn kan máa ń fi òjé di ojú àlàfo ìfúntí wọn. Ìkan oje sì ń jẹ òjé náà, àwọn èèyàn ń mu ún, inú ń run wọ́n tí ọwọ́ wọn ń rọ. Ìgbà tí oníṣègùn George Baker tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde ní 1767 ni ìdí rẹ̀ tó hàn, ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ ni inú sì bí sí i pé ó ba ọjà wọn jẹ́. Lẹ́yìn ìfúntí, àgbá ló kù. Ìwúkàrà tó wà lára èso àti lára ìfúntí fúnra rẹ̀ ni yóò gbé e ró. Ẹmu wa ń hó láàárín wákàtí díẹ̀. Sáídà akorò-dùn máa ń lo gbogbo ìgbà òtútù, ó lè di oṣù karùn-ún kí ó tó dákẹ́.

Ta ni ń mu ún? Ní pàtàkì, àwọn alágbàṣe ni. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, apá kan owó iṣẹ́ wọn ni àgbẹ̀ ń fi sáídà san, olúkúlùkù a sì gbé àgbá onígi kékeré tirẹ̀ lọ sí oko. Kì í ṣe èyí tó dára ni wọ́n ń fún wọn ní gbogbo ìgbà. Wọ́n a máa da omi sí pàǹtí tí wọ́n ti fún tán, wọ́n á sì tún un fún, ọtí rírọ̀ tó bá jáde ni ti lébìrà. Ijọba mọ bí ọtí yìí ṣe wọ inú ayé àwọn ará ẹkùn náà tó nígbà tí wọ́n bu owó orí lé e ní 1763 láti san gbèsè ogun ọlọ́dún méje. Ṣílè mẹ́rin ni wọ́n bù lé àgbá ńlá kọ̀ọ̀kan, àwọn agbowó orí sì gba àṣẹ láti wọ ilé ẹni tó ń ṣe é. Ìyẹn gan-an ló dun àwọn èèyàn, ju owó náà lọ: kí òṣìṣẹ́ ọba máa wọ ilé onílé wá ka àgbá. Wọ́n ṣe ère Olúwa Bute, olórí ìjọba ìgbà náà, wọ́n sì dáná sun ún. Ọkùnrin náà fi ipò sílẹ̀ lọ́dún yẹn kan náà, wọ́n sì fagi lé òfin náà ní 1766. Ní ti fífi ọtí san owó iṣẹ́ ní oko, òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1887 ló kà á léèwọ̀. Ọdún 1887 yẹn náà ni Percy Bulmer, ọmọ àlùfáà kan ní Credenhill, bẹ̀rẹ̀ sí í ta sáídà ní Hereford, tí iṣẹ́ rẹ̀ di ilé iṣẹ́ sáídà tó tóbi jù lọ. Mi ò sọ pé ọ̀kan ló bí èkejì. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni ọtí tí olúkúlùkù ń ṣe sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ti ń di ọjà tí ilé iṣẹ́ ń ṣe.

Ilé iṣẹ́ kò fẹ́ igi oníwàkiwà. Ó fẹ́ èyí tó ń so lọ́dọọdún, tí kì í dàgbà sókè jù, tí oje rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti èṣí. Dabinett kò ga, ó ń tètè so, kì í sì í sinmi ní ọdún kan bíi ti ọ̀pọ̀ akẹgbẹ́ rẹ̀. Òdòdó tirẹ̀ fúnra rẹ̀ pàápàá tó láti mú kí ó so. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbin ọgbà oní-igi kúkúrú lọ́wọ̀ọ̀wọ́ fún àwọn ilé iṣẹ́, pàápàá láti àwọn ọdún 1970, Dabinett àti Michelin ni wọ́n gbìn jù. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ló fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ọlọ́dún púpọ̀ pẹ̀lú wọn.

Àwọn ọgbà àtijọ́, níbi tí igi gíga ti ń dúró tí màlúù ń jẹko lábẹ́ wọn, ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti pòórá láti ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ohun tó ń bá wọn lọ kì í ṣe igi nìkan. Ẹ gbọ́ orúkọ díẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn èdè. Ọ̀kan ń jẹ́ Slack-ma-Girdle, ìyẹn «Dẹ Ìgbànú Mi». Òmíràn ń jẹ́ Sheep's Nose, «Imú Àgùntàn», nítorí ìrí rẹ̀. Foxwhelp ni «Ọmọ Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀». Ten Commandments ni «Òfin Mẹ́wàá», torí àmì pupa mẹ́wàá tí ń hàn yí ọkàn rẹ̀ ká bí a bá là á. Ní Somerset, Jersey ni wọ́n sábà máa ń fi kún orúkọ èyí tó bá jẹ́ akorò-dùn, bíi Chisel Jersey. Àwọn kan gbà pé ọ̀rọ̀ àdúgbò kan tó túmọ̀ sí ìkorò ni wọ́n sọ di Jersey, pé kò kan erékùṣù náà. Ní Herefordshire, Norman ni tiwọn. Yarlington Mill gba orúkọ ọlọ olómi tí wọ́n ti rí i níbi tó ti hù lára ògiri, gribble bíi Dabinett. Láti nǹkan bí 2016 ni wọ́n ti ń lo DNA láti dá àwọn igi wọ̀nyí mọ̀, ó sì ti hàn pé igi kan lè ní orúkọ mẹ́ta ní abúlé mẹ́ta, àti pé igi méjì tó yàtọ̀ lè máa jẹ́ orúkọ kan náà.

Ewu tó wà nínú aásìkí Dabinett kò fara sin. Igi kan ni gbogbo wọn, nítorí náà àrùn tó bá lè pa ọ̀kan lè pa gbogbo wọn. Gbogbo wọn tún ń gbó nígbà kan náà, tí ó fi jẹ́ pé ìfúntí kì í lè gba gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìdí yìí ni Long Ashton fi gbìyànjú, ní àwọn ọdún 1980, láti fi òdòdó Dabinett àti ti Michelin ṣe àdàlù pẹ̀lú ti àwọn ápù jíjẹ, James Grieve àti Worcester Pearmain, kí àwọn ọmọ wọn lè tètè gbó. Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n ṣà lára wọn, púpọ̀ ló sì ń jẹ́ orúkọ obìnrin: Angela, Fiona, Gilly, Lizzy, Vicky. Wọ́n ti ilé ìwádìí náà pa ní 2003, lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún gééré. Àwọn ọmọbìnrin náà wà nínú oko.

Ọjà ni wàhálà tó tún ga ju àrùn lọ. Láti 2010, òfin owó orí Ìlú Ọba ti béèrè pé kí oje wà nínú sáídà dé 35% ó kéré tán. Ẹ rò ó wò: ohun tí ìyókù rẹ̀ lè jẹ́ omi àti ṣúgà ni a lè kọ sáídà sí lára. Bí èèyàn bá sì ti lè mu bẹ́ẹ̀, kí ni ó ń fi ápù akorò-dùn tó pọ̀ ṣe? Ní 2023, Heineken, tó ti ra Bulmers, hú igi ọgbà ńlá kan ní Penrhos ní Monmouthshire nítorí pé ápù ti pọ̀ ju ohun tí wọ́n nílò lọ. Igi tí kò tíì di arúgbó ni. Ọdún 1997 ni wọ́n gbìn ín. Àgbẹ̀ tí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ bá já mọ́ lọ́wọ́ kò lè gbé ápù rẹ̀ lọ sí ọjà bíi ti ẹlòmíràn, nítorí pé kò sẹ́ni tó lè jẹ ẹ́.

Àwọn tó ń ṣe sáídà níwọ̀nba ṣì ń rà á, iye wọn sì ti pọ̀ sí i. Àwọn kan ń kọ orúkọ Dabinett sára ìgò bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ èso àjàrà sára ìgò wáìnì. Ní àdúgbò Kingsbury Episcopi gan-an, wọ́n ń sè é di ọtí líle. Somerset Cider Brandy gba ààbò orúkọ ní Yúróòpù ní 2011. Ní Carhampton, ní Somerset bákan náà, ọjọ́ 17 oṣù kìíní ni wọ́n máa ń lọ kí igi ápù: wọ́n á da sáídà sí ìdí igi, wọ́n á ki búrẹ́dì tí wọ́n yan bọ ẹ̀ka rẹ̀, wọ́n á yin ìbọn láti lé ẹ̀mí burúkú. Ọjọ́ náà bọ́ sí 17 torí pé wọn kò tẹ̀ lé kàlẹ́ńdà tuntun tí ìjọba gbé wọlé ní 1752. Ẹni tó bá ti rí bí àwa náà ṣe ń ta ọtí sílẹ̀ fún àwọn tó ṣáájú wa kò ní béèrè ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀.

Oṣù kìíní yẹn náà ni wọ́n ń gé ọ̀mùnú ẹ̀ka, nígbà tí igi ń sùn. Èyí tó hù ní ọdún tó kọjá, tí kò nípọn ju ìka lọ, ni wọ́n ń wá. Wọ́n á dì í pọ̀, wọ́n á ti ìdí rẹ̀ bọ iyanrìn tútù níbi tí oòrùn kò dé, yóò sì wà níbẹ̀ títí di oṣù kẹta. Nígbà náà, wọ́n á fi ọ̀bẹ mímú gé gbòǹgbò àti ẹ̀ka ní dídà, wọ́n á gbé ojú ọgbẹ́ méjèèjì lé ara wọn débi pé èèpo kan èèpo, wọ́n á dì í, wọ́n á fi ìda kùn ún. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á so orúkọ mọ́ ọn lọ́rùn. Ní àkókò òtútù, igi ni gbogbo wọn. Kò sí ewé, kò sí èso, Dabinett kò sì yàtọ̀ sí èyí tí kò wúlò fún nǹkan kan. Ẹni tí kò bá kọ orúkọ náà lọ́jọ́ yẹn yóò dúró fún ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, títí igi á fi so, kí ó tó gé e jẹ tí ẹnu rẹ̀ á sì sọ ohun tó gbìn fún un.